Màlúù Angus wa ò níwèé: ṣé ẹgbẹ́ lè forúkọ wọn sílẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀yìn Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A ra ilẹ̀ éékà méjìlélógún lọ́dún tó kọjá, a sì ra abo màlúù dúdú márùn-ún lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó fẹ́ fi iṣẹ́ oko sílẹ̀. Ó ní Angus ògidì ni gbogbo wọn, ó sì yá wa ní akọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Yàtọ̀ sí rìsíìtì, kò fún wa níwèé kankan. Àwọn abo náà ti bímọ báyìí, ọmọ márùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú nínú wọn. A fẹ́ forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Angus ká lè máa tà wọ́n lówó gidi. Obìnrin tó gbé fóònù ní ẹgbẹ́ ní kò ṣeé ṣe bí ìyá wọn ò bá ti ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ọkọ mi ní ká ṣáà ṣe DNA, pé DNA kì í parọ́. Ṣé lóòótọ́ ni kò ṣeé ṣe, àbí torí pé àlejò ni wá? Kí ni ká ṣe?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú oríire ọmọ márùn-ún. Ohun tí ẹ bi mí ni pé ṣé ẹgbẹ́ lè gba màlúù tí ìyá rẹ̀ ò ní nọ́ńbà, àti pé ṣé DNA lè dípò ìwé. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tí ẹ ò kọ jáde. Ẹ̀rù ń bà yín pé bóyá owó yín ti wọgbó, pé bóyá bàbá yẹn lu yín ní jìbìtì, pé bóyá ẹni tó gbé fóònù gbọ́ ohùn yín ló bá tilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú màlúù ní Missouri níbí, mo sì ti bá àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ pé baba ńlá wọn ló ṣán oko tí wọ́n ń dá jókòó nídìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Èsì kan náà ni wọ́n gbà. Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ fún yín. Màlúù tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé ìran Angus ti Amẹ́ríkà, ìwé tí ẹgbẹ́ ń kọ ìbí màlúù sí, kò lè wọ inú rẹ̀, ta ni ì báà ni ín. Ìyẹn ò wá ní kí ọ̀rọ̀ yín ti parí o. Ibì kan wà tí ẹ ò tíì wò, inú etí àwọn abo náà ni. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ṣe ni ẹgbẹ́ ń dájọ́ lórí màlúù fúnra rẹ̀. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ á rán ẹnì kan wá, onítọ̀hún á wo ẹran náà tó dúdú, tí kò níwo, tó ki pọ́pọ́, á ní "Angus nìyí," á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ìtàn ìbí ni ẹgbẹ́ ń tọ́jú: lágbájá ló bí tàmẹ̀dù, ọjọ́ báyìí ló bí i, ọwọ́ ẹni báyìí ló wà nígbà náà. Ẹ rántí bí ilẹ̀ ṣe rí nílé. Ilẹ̀ lè tẹ́jú, ó lè wà létí títì, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣe ẹbí tó ni ín ló fọwọ́ síwèé, tí mọ́gàjí ò mọ̀ sí i, ẹwà ilẹ̀ náà ò ní sọ ọ́ di tiyín. Ọwọ́ ẹni tó ni ín ṣáájú yín lẹ̀rí ti ń wá, òun náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀, títí dé orísun.

Orísun ti Angus wà ní Skọ́tílándì. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń kó ìtàn ìran àwọn màlúù dúdú aláìníwo yìí jọ nígbà tí iná jó àkọsílẹ̀ náà ní Edinburgh ní 1851. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì di 1862 kí ìwé kìíní tó jáde. Mo máa ń ronú sí iná yẹn. Àwọn ẹran náà wà nínú pápá, wọ́n ń jẹko bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lánàá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹni tó bí wọn ti di eérú. Lára àwọn tí orúkọ wọn là á já ni abo kan tí wọ́n ń pè ní Old Grannie, tí wọ́n ní ó bí ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí àrá tó sán pa á ní 1859. Ní 1873, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Grant kó akọ Angus mẹ́rin láti Skọ́tílándì wá sí Victoria ní Kansas. Ó jẹ́ kí wọ́n gun àwọn abo oníwo gígùn tó ti Texas wá, àwọn tó wà ní ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sì jáde ní dúdú, láìníwo, wọ́n sì fara da òtútù ju ìyá wọn lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Lójú, Angus làwọn ọmọ yẹn. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè wọ ìwé ìran, torí ìyá wọn ò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Chicago lọ́jọ́ 21 oṣù kọkànlá 1883, ẹran tí wọ́n lè tọpasẹ̀ ìran rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Saint Joseph ní Missouri ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà wà lónìí, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni ìwé náà ní títí dòní: bàbá àti ìyá.

Ìdí tí àwọ̀ dúdú ò fi lè ṣe ẹlẹ́rìí ni pé jíìnì àwọ̀ dúdú ló ń borí. Bí òbí kan bá gba jíìnì dúdú lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, ọmọ tó bá bí á dúdú, bí òbí kejì tilẹ̀ pupa. Ẹ ó ti rí màlúù dúdú olójú funfun lẹ́bàá títì ní Texas: Angus ló gun Hereford, irú màlúù pupa olójú funfun, tàbí Hereford ló gun Angus. Tí ẹ bá tún fi Angus gun ọmọ yẹn, tí ẹ sì fi gun ọmọ tirẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ojú ò ní lè dá a mọ̀ mọ́, tèmi náà ò lè dá a mọ̀. Ọjà wá dá kún un. Láti 1978 ni ètò Certified Angus Beef, tó ń fi orúkọ Angus sára ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà, ti wà, àwọ̀ dúdú sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò lára ẹran kí wọ́n tó yẹ ẹran ara rẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Wọn kì í béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń sin Simmental àti Limousin rí i pé dúdú ń pa owó, àwọn náà fi Angus yí àwọ̀ ẹran wọn padà, ẹran tó jẹ́ pé pupa tàbí pupa olójú funfun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, "Angus" tí wọ́n kọ sára bọ́gà, "Angus" tí àgbẹ̀ ń pe màlúù dúdú inú oko rẹ̀, àti Angus tó ní nọ́ńbà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Bàbá tó ta ẹran fún yín lè má parọ́ rárá. Ó lè ti ń ra akọ Angus oníwèé fún ọgbọ̀n ọdún, kí gbogbo abo rẹ̀ sì jẹ́ Angus lóòótọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ni, kó má sì fi ọ̀kankan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rí torí ẹran pípa ló ń tà. Lẹ́nu irú wọn, "purebred," ìyẹn ògidì, kì í ṣe "registered," ìyẹn èyí tó ti ní nọ́ńbà. Èyí tó yẹ kí ẹ bi í kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni ìkejì.

Ó kan DNA. Ọkọ yín sọ òótọ́ pé kì í parọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi í nìkan ló ń dáhùn. Ohun tí ẹgbẹ́ ń bi í ni pé, ṣé akọ yìí ló bí ọmọ yìí, àbí òun kọ́? Kí wọ́n tó lè bi í bẹ́ẹ̀, bàbá tí à ń fura sí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí DNA tirẹ̀ náà sì ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá fi irun ìrù tàbí ègé etí ọmọ màlúù yín ránṣẹ́ láìsí orúkọ bàbá àti ìyá, ó dà bí ìgbà tí ẹ mú ọmọ tó sọnù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tí ọlọ́pàá sì gbà pé èèyàn ni. Àyẹ̀wò mìíràn wà lóòótọ́ tó lè díwọ̀n pé ẹran yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Angus tán, tàbí pé Brahman, irú màlúù oníké, díẹ̀ wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń ta ẹran pípa lè rí i lò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Angus kì í fi ìdíwọ̀n gba ẹran wọlé, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Mo ti rí ibi tí DNA ti ṣe iṣẹ́ ribiribi, mo sì tún rí ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, lóko kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Àgbẹ̀ kan kú ní ìgbà òtútù, ó fi abo mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹran ọkùnrin náà dára. Obìnrin náà mú ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀ wá síwájú mi lórí tábìlì, ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀. Omi ti wọ inú ìwé náà, yíǹkì ti ràn kálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè ka díẹ̀: "17, akọ, yìnyín ń bọ́." Ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, nọ́ńbà táàgì ìyá wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ bàbá kankan, akọ mẹ́ta ló sì wà nínú pápá kan náà. Inú orí rẹ̀ ni ìyókù wà, orí yẹn sì ti lọ. A wá inú dúrọ́ọ̀ títí, abo mọ́kànlá péré la rí ìwé wọn, a sì rí ti àwọn akọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ọmọ àwọn abo mọ́kànlá yẹn, DNA sọ èyí tó bí ta ni nínú akọ mẹ́ta náà, a sì forúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn abo méjìlélọ́gbọ̀n tó kù, tó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ àbúrò àti ọmọ àwọn mọ́kànlá yẹn, lọ sọ́jà gẹ́gẹ́ bí màlúù dúdú lásán. Obìnrin náà dúró ní ẹnu ọ̀nà pápá nígbà tí ọkọ̀ ń kó wọn lọ. Kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, mo ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní oko ìjọba ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń sin N'Dama, irú màlúù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan. Darandaran Fúlàní kan wà ládùúgbò ibẹ̀ tó lè na ìka sí abo kan kó sì ka ìyá rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀, títí dé ẹ̀yìn márùn-ún, bí ẹni ń kìí. Ìran pípé lohun tí ọkùnrin yẹn ní lọ́wọ́, ó péye ju ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí mo mọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà, tí kò sì gbọ́ èdè rẹ̀, kò lè rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Torí ẹni tí kò mọ̀ wá ni wọ́n ṣe dá ìwé ìran sílẹ̀.

Ọmọ pupa yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò fi hàn pé wọ́n da ẹ̀jẹ̀ mìíràn mọ́ ẹran yín. Angus ti ní jíìnì pupa lára láti Skọ́tílándì, ó kàn máa ń sápamọ́ sẹ́yìn dúdú ni. Bí akọ dúdú tó gbé e àti abo dúdú tó gbé e bá pàdé, nínú ọmọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan pupa. Nítorí náà, ẹ ti mọ ohun méjì lọ́fẹ̀ẹ́: ìyá ọmọ pupa náà gbé jíìnì pupa, akọ tí bàbá yẹn yá yín náà sì gbé e, bó bá jẹ́ pé òun ló bí ọmọ náà. Láti 1917 ni ẹgbẹ́ Angus ti Amẹ́ríkà ò ti forúkọ èyí tó bá pupa sílẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ pé bàbá àti ìyá rẹ̀ ní nọ́ńbà. Àwọn tó fẹ́ràn pupa náà lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1954, Red Angus Association of America, wọ́n sì ní ìwé ìran tiwọn. Ní ti ìdára ẹran wọn, pupa àti dúdú ò yàtọ̀. Nínú oòrùn Texas, mi ò rí ohun tó burú nínú àwọ̀ pupa rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sídìí etí. Ẹni tó bá ń forúkọ màlúù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì tí kì í parẹ́ sí i lára. Àwọn kan ń fi irin jó nọ́ńbà sí i lára, ṣùgbọ́n fínfín inú etí ló wọ́pọ̀ jù láti ìgbà pípẹ́. Táàgì lè já, igbó lè fà á ya. Àmì fínfín ò ní lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á há ọmọ màlúù mọ́bì kan, wọ́n á fi ọtí sípíríìtì nu inú etí rẹ̀ kí òróró ara rẹ̀ lè kúrò, wọ́n á fi ẹ̀mú tó ní abẹ́rẹ́ onílẹ́tà fún etí náà láàárín iṣan méjì, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ti yíǹkì aláwọ̀ ewé wọ inú ihò abẹ́rẹ́ náà. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń lò torí dúdú ò ní hàn nínú etí dúdú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ lè wo etí yẹn lọ́sàn-án gangan kí ẹ má rí nǹkan kan. Torí náà, ẹ yá chute, irin tí wọ́n fi ń há màlúù, lọ́wọ́ aládùúgbò yín, ẹ há abo kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn nírọ̀lẹ́, ẹ fi ọtí nu etí rẹ̀ méjèèjì dáadáa, kí ọkọ yín wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn etí nígbà tí ẹ̀yin ń wo iwájú rẹ̀. Bí àmì bá wà, ó máa yọ láàárín ìmọ́lẹ̀ yẹn bí ìgbà tí ẹ gbé owó bébà sókè sí iná. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń fi lẹ́tà ọdún sí i: J ni 2021, K ni 2022, L ni 2023, M ni 2024. Wọn kì í lo I, O, Q àti V torí wọ́n jọ nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá rí àmì, ẹ pe bàbá yẹn kó tó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ má bá a jà. Ẹ bi í pé ọwọ́ ta ló ti ra àwọn abo náà tàbí ìyá wọn, ọdún wo, àti pé ṣé akọ tó yá yín ní nọ́ńbà. Àmì etí àti orúkọ ẹni tó sin ín ni ẹgbẹ́ lè fi bá yín wá ẹran náà. Bó bá jáde pé abo náà wà nínú ìwé lórúkọ ẹlòmíràn, iṣẹ́ ẹni tó tà á ni láti yí i sórúkọ ẹni tó rà á, kì í ṣe ẹni tó rà á ló ń yí i síra rẹ̀. Bí ẹran bá ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, àwọn méjèèjì ló máa ṣe tiwọn ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há nìyí, torí ẹnì kan lè ti kú, ẹlòmíràn sì lè kọ̀ torí pé owó tó ta ẹran náà ò sí lára owó oníwèé. Bó ti wù kó rí, ẹ fi sùúrù béèrè, kí ẹ sì san owó ìyípadà náà fún wọn, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ó jèrè. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ni ìyá lọ́jọ́ tó bímọ lẹ máa forúkọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé akọ náà kì í ṣe tiyín, ẹni tó ni ín nígbà tó gun àwọn abo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ló gùn wọ́n. Bó bá jẹ́ AI ni wọ́n ṣe, tí wọ́n fọwọ́ fi àtọ̀ sínú abo, ẹ bi ẹgbẹ́ léèrè ẹ̀rí tí wọ́n ń fẹ́ fún ìyẹn. Ẹ má fi falẹ̀, torí owó ìforúkọsílẹ̀ máa ń lọ sókè bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà sí i.

Bí etí bá mọ́ bí omi ńkọ́? Nígbà náà, ẹ gbà pé àwọn abo yẹn ò ní ní nọ́ńbà Angus láéláé, àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ó le. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ tà. Akọ tí ẹ bá tẹ̀ lọ́dàá, tí ẹ sì sìn fún pípa, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé rẹ̀. Dúdú rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ ló ń mówó wá, àwọn yìí sì wà lára tiyín. Abo márùn-ún tó bímọ márùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ohun rere nìyẹn. Mo mọ àwọn tó ní ìwé kún dúrọ́ọ̀ tí abo wọn ò lóyún.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ẹgbẹ́ tí ìwé ìran wọn ṣí sílẹ̀. Simmental ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Nígbà tí irú náà dé Kánádà láti ilẹ̀ Yúróòpù ní 1967, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968, ẹran tó wà nílẹ̀ kéré, àtọ̀ ló pọ̀. Nítorí náà wọ́n gbà kí àwọn àgbẹ̀ fi àtọ̀ akọ náà gun abo lásán, kí wọ́n sì máa gun òkè díẹ̀díẹ̀: ọmọ àkọ́kọ́ ní 1/2 ẹ̀jẹ̀ Simmental, ọmọ ọmọ ní 3/4, èyí tó tẹ̀ lé e ní 7/8. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, 7/8 ni wọ́n ti ń pe abo ní purebred. Èyí tí gbogbo ìran rẹ̀ lọ tààrà sí ẹran tó ti òkèèrè wá ni wọ́n ń pè ní fullblood. Ẹ ṣírò ọdún rẹ̀ o: ọmọ gbọ́dọ̀ pé nǹkan bí ọdún méjì kó tó bímọ, nítorí náà bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọdún márùn-ún ni ó kéré jù kí ẹ tó rí 7/8, kó sì jẹ́ pé abo ni ẹ̀ ń bí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ti kúrò nídìí Angus nígbà yẹn.

Ọ̀nà kẹta lèmi yóò tọ̀ bó bá jẹ́ èmi ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn abo márùn-ún yẹn máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí owó bá wà, ẹ ra ẹgbọrọ abo oníwèé kan, tàbí méjì, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ fi etí rẹ̀ wé ìwé rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé apá kan owó náà wà lọ́wọ́ yín títí ẹgbẹ́ á fi yí i sórúkọ yín. Bó bá ti lóyún, ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n gùn ún àti nọ́ńbà akọ tó gùn ún pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ooru tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun yẹn, ẹ wo Brangus náà kí ẹ tó pinnu, Angus ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ àti Brahman ìdá mẹ́ta, torí Brahman ló mọ ooru àti eégbọn gbé. Màá sì sọ òótọ́ tí àwọn tó ń ta ẹran oníwèé kì í tètè sọ: ìwé nìkan kì í ta ẹran. Ẹni tó fẹ́ ra akọ lọ́wọ́ yín máa béèrè ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, ìgbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú, àti ìgbà tó pé ọdún kan. Ó sì máa béèrè ẹni tí ẹ jẹ́. Orúkọ oko máa ń gba ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, kó tó dúró. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè wá bi mí pé kí wá ni gbogbo wàhálà ìwé yìí wà fún. Ní 2008, ọmọ Angus bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé ní òkú lóko káàkiri, ẹ̀yìn wọn ká kò, ẹsẹ̀ wọn le gan-gan. Mo fa ọ̀kan jáde lọ́wọ́ ara mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ sì ń lá a, ó ń lá a, kò fẹ́ dìde. Ọ̀mọ̀wé Jonathan Beever ní Yunifásítì Illinois wá ìdí rẹ̀, ó jẹ́ jíìnì kan tó ń sápamọ́ gẹ́gẹ́ bíi ti àwọ̀ pupa, tí kì í hàn àfi bí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e. Torí pé ìwé ìran wà, wọ́n tọ ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ akọ gbajúmọ̀ kan tí àtọ̀ rẹ̀ ti dé oko púpọ̀, wọ́n sì mọ ẹran tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Onímàlúù oníwèé mọ abo tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí akọ báyìí gùn. Àgbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó bí ẹran rẹ̀ kàn ń sin òkú ọmọ ni, kò mọ ibi tó ti ń wá. Láti ọdún yẹn, bí ẹnì kan bá sọ pé ìwé ìran kò ju ọ̀nà àtigba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ, mi ò lè dákẹ́ sí i.

Nǹkan kékeré kan kù. Nínú ìwé yín gígùn, ẹ sọ pé táàgì ìjọba wà létí wọn àti pé ẹ ti forúkọ àmì oko yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé county, ìjọba ìbílẹ̀ yín. Méjèèjì dára, kò sì sí èyí tó kan ẹgbẹ́ nínú wọn. Táàgì ìjọba wà fún títọpasẹ̀ àrùn. Láti ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 2024, táàgì tuntun tí wọ́n bá fi sí àgbà màlúù tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá, tó fẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ojú lè kà, tí ẹ̀rọ pẹ̀lú sì lè kà. Àmì oko wà fún olè. Ti ẹgbẹ́ wà fún ìran.

Bí ẹ bá ti ń múra láti yá chute, ẹ ra ìwé ajákọ kan tí òjò ò lè ràn. Ẹ ṣí ojú ewé kan fún abo kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí akọ bàbá yẹn dé àti ọjọ́ tó lọ sínú rẹ̀, torí nǹkan bí ọjọ́ 283 ni abo fi ń gbé oyún, ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì máa sọ bóyá akọ yẹn ló ni ín àbí ti aládùúgbò tó fo ọgbà. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ márààrún lálẹ́ òní, títí kan ti pupa, nígbà tí ẹ ṣì rántí èyí tí ẹ bá nílẹ̀ nígbà tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru dé.